Ìwé àṣẹ wo ni kí o béèrè lọ́wọ́ agbaninímọ̀ràn lórí jẹ́nótáìpù?

Àbúrò mi, má wulẹ̀ béèrè ìwé àṣẹ agbaninímọ̀ràn lọ́wọ́ ọkùnrin tó ní kí ìwọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ, tí ẹ jọ jẹ́ AS, wá sanwó ní Ìjẹ̀bú-Òde yẹn. Nàìjíríà kò ní ìgbìmọ̀ tó dá dúró fún iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ tó kọ́ gan-an ni kí o bi í. Bó bá ní dókítà lòun, béèrè ìwé MDCN rẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà ní ìwé àṣẹ. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Wo déètì tó wà lára rẹ̀ dáadáa.

Ìyẹn tó bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Bó bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín, láàbù náà gbọ́dọ̀ ní ìwé MLSCN, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ láàbù ìṣègùn.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ìwé pélébé kan ni wọ́n fún àbúrò ìyàwó mi ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n fi báírò kọ AA sí i, kò sí orúkọ ẹni tó ṣe àyẹ̀wò, kò sí òǹtẹ̀. Ó tún un ṣe níbòmíràn, AS ló jáde! Ẹ tún tiyín náà ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣágámù, kí ẹ béèrè àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò sọ fún yín pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá 25 nínú 100 ni pé ọmọ lè jẹ́ SS, ìyẹn ni pé yóò ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, ìyẹn ò gba àwọn tó kù sílẹ̀. Kò sì ní pàṣẹ pé kí ẹ tú ká; ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa pinnu.