Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá yín: ẹ wo orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá

Ẹ kú àjò o. Arákùnrin tó béèrè láti Houston bí òun ṣe lè rí i dájú pé bàbá òun ní Abẹ́òkúta ń rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lò lóṣooṣù, nígbà tí àbúrò òun ń sọ pé owó tí òun ń fi ránṣẹ́ kì í tó, ìbéèrè yín gbé mi lọ́kàn púpọ̀, nítorí ohun tí ojú mi rí lórí oògùn màámi ní Ìbàdàn kò kéré.

Ní England tí mo ń gbé, bí dókítà bá ti kọ oògùn tí èèyàn yóò máa lò títí, fámásì ni yóò máa bá a ṣètò rẹ̀, ẹni tó bá sì ti pé 60 ọdún kì í san kọ́bọ̀. Mo rò pé mo lè ṣètò ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ fún màámi. Ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ń lọ kì í kọ ju oògùn oṣù kan lọ. Bó bá ti tán, ó di kí wọ́n tún lọ tò. Láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn òṣìṣẹ́ ibi káàdì sọ pé àwọn kò rí fáìlì wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ní kí màámi ra káàdì tuntun. Ìyá ẹni ọdún 74 jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́fà àárọ̀ di aago méjì ọ̀sán, ẹni tó wà nídìí fèrèsé kò sì wojú wọn. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Bó ṣe sú wọn nìyẹn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọmọ lọ sí kẹ́mísì ẹ̀gbẹ́ ilé. Òfin kò gba kẹ́mísì láyè láti ta irú oògùn bẹ́ẹ̀ láìsí ìwé dókítà, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ. Kẹ́mísì náà kò ní irú páálí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ó bá fún ọmọ ní òmíràn tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀. Màámi rò pé àfikún ni, wọ́n ń lo méjèèjì pọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo pè wọ́n lórí fídíò WhatsApp, mo sì rí i pé ọrùn ẹsẹ̀ wọn ti wú débi pé okùn sálúbàtà ti rì sínú ẹran. Mo ní kí wọ́n gbé àwọn páálí náà sún mọ́ kámẹ́rà lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí ilé-iṣẹ́ sọ oògùn ni wọ́n kọ gàdàgbà. Lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà tín-ín-rín, amlodipine 10mg, tó jẹ́ orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà nínú rẹ̀ gan-an, ló wà lára ti àkọ́kọ́, amlodipine 10mg náà ló wà lára ìkejì. Màámi ń lo 20mg lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ 10mg ni kò yẹ kó kọjá. Owó ọjọ́ mẹ́rin tí a san ní ilé ìwòsàn aládàáni ju owó oògùn ọdún kan lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ kékeré yẹn ni kí ẹ kọ sínú ìwé fún bàbá yín, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Greenbook ti NAFDAC, ìyẹn àkójọ àwọn oògùn tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá kọ orúkọ ńlá sínú rẹ̀, yóò fi ohun tó wà nínú oògùn náà hàn yín. Ẹ sì ṣọ́ra fún oògùn alápapọ̀, nítorí amlodipine àti valsartan, tó jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, lè wà nínú hóró kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí ohun tó rú yín lójú, dókítà ni kí ẹ bi, ẹ má sọ pé kí wọ́n dáwọ́ oògùn dúró fúnra wọn.

Ẹ wá fámásì tí apòògùn fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sí. Èyí tí a rí ní Bódìjà ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ màámi sí. Àpò ìfowópamọ́ fámásì ni mo ń sanwó sí tààrà, wọ́n á sì ya fọ́tò páálí àti rìsíìtì ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó kó oògùn fún ọmọ. Ọkàn mi balẹ̀ báyìí, tiyín náà yóò balẹ̀.

Ní ti àbúrò yín, ẹ má tètè bínú sí i. Láti 2023 tí GSK, ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá kan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kéde pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, tí náírà sì já wálẹ̀, owó oògùn ti lọ sókè gan-an, páálí tí èèyàn mọ̀ lánàá sì lè má sí lónìí. Lálẹ́ òní, ẹ pe bàbá lórí fídíò, kí ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn wọn jáde, títí kan èyí tó wà nínú àpò agbádá.