Jẹ́sì Ta Ni Kí N Rà Fún Àwọn Ìbejì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Oníṣirò. Upper Darby ni mò ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Philadelphia níbí, mi ò sì ní ẹgbẹ́ méjì ju Eagles lọ, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti ìlú náà. Ìbejì ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ, wọ́n ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ohun tí mo bá rà fún Táíwò, ó di dandan kí n rà á fún Kẹ́hìndé. Ní 2023 mo ra jẹ́sì Haason Reddick méjì. Ọdún ò tíì yí po tí wọ́n fi fà á lé ẹgbẹ́ Jets ti New York lọ́wọ́. Ní 2024 mo ra ti C.J. Gardner-Johnson. A gba Super Bowl, ife àṣekágbá, a jó, oṣù kan lẹ́yìn náà ọkùnrin yẹn ti di ará Houston. Ìyàwó mi ní bí mo bá tún ra aṣọ ẹni tó máa lọ, èmi ni màá wọ̀ ọ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nísinsìnyí Táíwò ń pariwo Saquon Barkley, Kẹ́hìndé ní Moro Ojomo lòun fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kò ní lọ nínú wọn? Kí ló tiẹ̀ dé tí ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife fi ń tú ara rẹ̀ ká? — Bàbá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì bá mi kí Ìyá Ìbejì, ẹjọ́ wọn ni mo gbè. Ìwé owó ṣọ́ọ̀bù àti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹta títí di oṣù Keje 2025 tí mò ń kọ èyí, ìwé Eagles ni ojú mi máa ń wà lára rẹ̀ lálẹ́. Ẹ̀yin ń wo ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, ẹ wá ra aṣọ rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti ṣì í. Ẹni tí lílé rẹ̀ yóò dun ẹgbẹ́ lápò jù ni kí ẹ máa wá.

NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, fi gbèdéke sí iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́dún. Ní 2024, mílíọ̀nù 255.4 dọ́là ni. Ní 2025, ó di mílíọ̀nù 279.2. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ ìbáà lówó bí òkun, kò gbọ́dọ̀ kọjá iye yẹn lórí ìwé. Mo ní lórí ìwé o, torí owó tó wọ àpò agbábọ́ọ̀lù lónìí lè má tíì wọ ìwé títí di ọdún mẹ́ta òní.

Mo mọ̀ pé ẹ ti dá àjọ rí. Ẹni tó kọ́kọ́ kó àjọ ti gba gbogbo owó, ó ti fi san owó ilé, àmọ́ yóò máa dá a lọ títí gbogbo ẹgbẹ́ yóò fi kó tiwọn. Bí owó ìtọwọ́bọ̀wé ṣe rí nìyẹn. Ká ní Eagles fún ẹnì kan ní mílíọ̀nù 20 lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí àdéhùn ọdún márùn-ún. Ọkùnrin náà ti kó owó rẹ̀ lọ sílé, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 4 péré ni wọn yóò máa kọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ọdún márùn-ún sì ni òpin, wọn ò lè pín in jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá lé e lẹ́yìn ọdún kejì ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ jáde nínú àjọ á san gbogbo èyí tó kù. Mílíọ̀nù 12 tó ṣẹ́kù á já lulẹ̀ sórí ìwé lọ́dún kan ṣoṣo, fún ẹni tí kò tiẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún wọn mọ́. Owó òkú ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà àbùjá kan wà: tí wọ́n bá ka ìlélọ náà sí ti ẹ̀yìn ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, wọ́n lè pín òkú yẹn sí ọdún méjì. Bí wọ́n ṣe ṣe ti Darius Slay, agbábọ́ọ̀lù Eagles tí wọ́n lé ní 2025, nìyẹn.

Howie Roseman, ẹni tó ń ra tó ń tà fún Eagles, kò sẹ́ni tó mọ àjọ yìí dá tó o, lójú tèmi. Ó máa ń fi ọdún òfìfo kún ìparí àdéhùn, ọdún tí agbábọ́ọ̀lù náà kò ní gbá rárá, kí wọ́n ṣáà lè rí ibi pín owó sí. Gbèdéke ń ga lọ́dọọdún, nítorí náà mílíọ̀nù 4 ọ̀la kò ní wúwo tó mílíọ̀nù 4 òní. Mo ní oníbàárà kan tó gbìyànjú irú rẹ̀ pẹ̀lú ìyá alájọ. Kò yọrí sí rere.

Ohun kejì: iye tí wọ́n bá kà nínú ìròyìn, ojú lásán ni. Kò dà bíi ti Premier League tí ọdún mẹ́rin máa ń jẹ́ ọdún mẹ́rin. Níbí, wọ́n lè pe èèyàn ní olówó mílíọ̀nù 60 fún ọdún mẹ́rin, kí ó jẹ́ pé mílíọ̀nù 25 péré ni owó ìdánilójú inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti san èyí tó dájú tán, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀. Ní 2025, Eagles mú ọmọ wa kan wá láti New York, Azeez Ojulari. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí orúkọ yẹn lórí ìwé àdéhùn: ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ọdún kan péré sì ni wọ́n fún un. Ẹ ṣàtìlẹ́yìn fún un, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, ẹ má ra aṣọ rẹ̀.

Ẹ bi mí ìdí tí wọ́n fi ń tú ilé ká. Ẹ rántí alẹ́ Super Bowl ọjọ́ 9 oṣù Kejì 2025 yẹn ní New Orleans, 40 sí 22. Milton Williams tiwa gbé Patrick Mahomes, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Kansas City, ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Josh Sweat gbé e lẹ́ẹ̀mejì àtààbọ̀ (ààbọ̀ yẹn, òun àti ẹlòmíràn ni wọ́n jọ gbé e). Nígbà tó di oṣù Kẹta, Williams bọ́ sí New England fún mílíọ̀nù 104 lọ́dún mẹ́rin, Sweat sì gba Arizona lọ fún mílíọ̀nù 76.4, ọdún mẹ́rin bákan náà. Mi ò fẹ́ jẹun lọ́jọ́ tí Williams lọ. Ọkọ mi ní kí n mú kákúlétọ̀ mi.

Mo mú un. Williams á máa gba mílíọ̀nù 26 lọ́dún tí a bá pín in dọ́gba. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nípò kan náà ni Ojomo ti Kẹ́hìndé yìí. Èkó ni wọ́n bí i sí, Texas ló ti lọ sí yunifásítì, ẹni 249 ni Eagles sì fi ṣe nínú draft 2023, ìyẹn ọjà tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń mú àwọn ọmọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Owó rẹ̀ ní 2025 kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ó lé díẹ̀ lọ. Owó Williams fún ọdún kan á san owó Ojomo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Èmi ò sọ pé Ojomo tó Williams o. Mo ní ẹni tó bá ní Ojomo nílé, tó tún mọ̀ pé Jalen Carter, ọ̀gá ipò kan náà, ń bọ̀ wá béèrè owó ńlá láìpẹ́, kò lè fi mílíọ̀nù 26 há Williams lọ́wọ́. NFL sì tún ń tu ẹni tó pàdánù lójú: tí àwọn tí àdéhùn wọn parí bá lọ ju àwọn irú wọn tí ẹgbẹ́ mú wá lọ, wọ́n á fún ẹgbẹ́ náà ní àyè àfikún nínú draft ọdún tó tẹ̀ lé e. Williams àti Sweat wọ ìṣirò yẹn. Slay kò wọ̀ ọ́, nítorí wọ́n lé e ni.

Ti Gardner-Johnson ni mi ò tíì gbà. Ọdún kan péré ló lò nínú àdéhùn ọdún mẹ́ta, ó gba bọ́ọ̀lù mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tá, wọ́n wá fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún Kenyon Green, ẹni tí Houston ò nílò mọ́, pẹ̀lú àyè ìpele karùn-ún nínú draft 2026. Ìwé lè ṣàlàyé rẹ̀, torí owó rẹ̀ fẹ́ máa ga, wọ́n sì mú Andrew Mukuba nínú draft láti wá jókòó síbẹ̀. Ọkàn mi kò gbà á. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó ku àwọn ọmọ yín. Táíwò lójú, òótọ́ ni. Barkley sáré yáàdì 2,005 nínú líìgì 2024, tí a bá sì fi àwọn ìdíje ìgbẹ̀yìn kún un, ó di 2,504. Kò sẹ́ni tó sá tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn NFL. Ní oṣù Kẹta 2025, wọ́n fi ọdún méjì àti mílíọ̀nù 41.2 kún àdéhùn rẹ̀, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ nípò rẹ̀ tó kọjá mílíọ̀nù 20 lọ́dún. Ìwé rẹ̀ dé 2028. Ẹ má wo 2028. Mílíọ̀nù 36 nínú owó yẹn ni wọ́n fi dá a lójú, ọmọ ọdún 28 sì ni ní 2025; àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré máa ń tètè gbó, wọ́n sì gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́ ju ìgbà 400 lọ ní sáà 2024. Èmi máa fọkàn balẹ̀ fún ọdún méjì. Ọdún kẹta, ká máa wò ó.

Ti Ojomo, àdéhùn ọdún mẹ́rin tí wọ́n máa ń fún ọmọ draft ló ń lò, 2026 ló máa parí. Kò sí ẹgbẹ́ tó máa lé ẹni tí owó rẹ̀ kéré tó báyìí tó sì ń ṣiṣẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé tó bá gbá a dáadáa jù, òun náà á di Williams: àwọn ẹlòmíràn á wá gbé owó ńlá síwájú rẹ̀. Nítorí náà, ọdún méjì lòun náà.

Ẹ ti rí i, àwọn méjèèjì bára wọn dọ́gba bí ìbejì. Kì í sì í ṣe àbùkù fún yín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í wọ aṣọ kan ju ọdún méjì lọ kó tó fún un. Ẹ ra ohun tí kálukú béèrè, ẹ sì jẹ́ kí ó tóbi jù wọ́n lọ díẹ̀. Tí ẹnì kan nínú wọn bá yí ọkàn padà, ẹ tọ́ka Cooper DeJean sí i, ẹni tí àdéhùn draft rẹ̀ dé 2027. Òun ló gba bọ́ọ̀lù Mahomes lálẹ́ Super Bowl yẹn tó gbé e sá wọlé, lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ ìbí Barkley náà sì ni. Ẹ sọ fún wọn pé ìbejì tí ọdún mẹ́fà wà láàárín wọn nìyẹn.

Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ lọ ra Jalen Hurts, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Eagles. Ní oṣù Kẹrin 2023 ló fọwọ́ sí mílíọ̀nù 255 fún ọdún márùn-ún, tó gbé e dé 2028, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn ò lè fi í ṣe pàṣípààrọ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà. Owó òkú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè sin gbogbo wọn. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jowú tiẹ̀ fẹ́ kí òfin dí wa lọ́wọ́ ká má lè máa ti Hurts lẹ́yìn wọlé mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní tush push. Wọ́n dìbò ní oṣù Karùn-ún 2025, 24 ni wọ́n nílò, 22 ni wọ́n rí. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tí kò léwu rárá, ẹ ra ti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, bíi Brian Dawkins, nọ́ńbà 20. Bẹ́ẹ̀, ẹ rántí pé Dawkins náà lọ sí Denver ní 2009 lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá lọ́dọ̀ wa, a sì sunkún.

Nípa ìgbà tó yẹ kí ẹ rà á, ẹ má ṣe fọwọ́ kan jẹ́sì láàárín Super Bowl àti àárín oṣù Kẹta. Ayọ̀ ló máa ń ta aṣọ nígbà yẹn, ìgbà yẹn gan-an ni àdéhùn sì ń parí. Ní 2025, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ni ọjà ṣí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù náà sí Over The Cap tàbí Spotrac, àwọn ìkànnì tó ń kọ àdéhùn wọn sílẹ̀, lórí fóònù yín, ẹ wo ọdún tí owó ìdánilójú rẹ̀ parí sí. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Oṣù Keje ti dára, ẹ ti lè rà á kí Dallas tó wá bá wa lálejò lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2025.

Ti Gardner-Johnson tó wà nílé, ẹ má jù ú nù. Ó wà pẹ̀lú wa lọ́jọ́ tí a gba ife, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn. Ti Reddick ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò bóyá á gba orí yín wọlé kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé.