Igi wílò ẹlẹ́ka lílọ́: ṣé yóò yè ní Adó-Èkìtì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí Adó-Èkìtì ni. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi fọ́tò igi wílò kan ránṣẹ́ sí mi, gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ lọ́ bí ejò. Ó ní òun á mú ẹ̀ka rẹ̀ bọ̀ nígbà Kérésì. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́kàwéè wa. Ṣé kí n gbìn ín síbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé tuntun, Mà. Ẹ ó lò ó pẹ́. Igi yẹn rẹwà lóòótọ́, ewé rẹ̀ pàápàá máa ń ká. Ilẹ̀ Ṣáínà ló ti wá. Nígbà òtútù, gbogbo ewé rẹ̀ á wọ́ dànù, ìgbà náà sì ni lílọ́ ẹ̀ka rẹ̀ ń hàn dáadáa. Òtútù ọ̀hún ló fi ń sinmi, ọyẹ́ tiwa kò sì tó o. Bó bá tiẹ̀ hù, igi etídò ni: láti Oṣù Kọkànlá dé Oṣù Kẹta, ẹ ó máa pọnmi fún un ni.

Ṣọ́kàwéè yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ibi tí omi bá wà ni gbòǹgbò wílò ń forí lé, bí páìpù bá sán díẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn. Mo bá wọn hú páìpù kan rí ní Ìkẹ́rẹ́. Gbòǹgbò igi kan tí wọ́n ń pè ní fíkọ́sì la fà jáde, ó gùn tó apá mi, ó rí wúruwùru bí kànrìnkàn, ìdọ̀tí ilé sì há sí i káàkiri. Wílò kò sàn jù ú lọ.

Àfi bí ẹ bá ní akùrọ̀ tó jìnnà sílé ní mítà 15. Síbẹ̀, kí ọmọ yín má kàn ki ẹ̀ka bọ báàgì o. Ìwé àṣẹ wà tí a ń gbà lọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn, kí àrùn má bàa bá a wọ̀lú.

Fún iwájú ilé yín, franjipáni ni èmi yóò gbìn. Ẹ mọ̀ ọ́n: òdòdó funfun tí inú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tó ń ta sánsán lálẹ́. Bó bá ń dàgbà, ẹ̀ka rẹ̀ a máa wọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, a sì máa wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ ó fi rí ẹ̀ka náà ní ìhòòhò. Ẹ gé ẹ̀ka tó tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ gbé e síbòòji fún ọ̀sẹ̀ kan kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ, kí ẹ tó rì í síbi tí omi kì í dúró sí. Ẹ ṣọ́ ojú yín, oje funfun rẹ̀ ń ta ni. Oṣù Kẹrin, tí òjò bá ti ń mú ilẹ̀, ló dára jù.