Ìyàwó Mi Bímọ Tán, Ẹkún Ló Ń Sun

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó mi bí àkọ́bí wa, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Àtìgbà tá a ti dé láti ọsibítù ló ń sunkún, kì í fẹ́ jẹun, tí ọmọ bá sùn gan-an òun ò lè sùn, á kàn máa wo àjà. Màmá mi tó wá bá wa wẹ ọmọ ní abísínwín ló fẹ́ ṣe é, ká gbé e lọ ilé àdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? (Bàbá Ìkókó, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ bèèrè, torí ọkùnrin míì á ní ìyàwó òun kàn ń ṣe àṣejù ni.

Tí obìnrin bá bímọ, họ́móònù tó pọ̀ lára ẹ̀ nígbà oyún á wálẹ̀ lójijì, kò tún wá roorun sùn, nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ẹkún lè máa gbọ̀n ọ́n láìnídìí, àmọ́ ìyẹn máa ń lọ fúnra ẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Tiyín ti kọjá ìyẹn. Ó lè jẹ́ ìsoríkọ́ ẹ̀yìn ìbímọ, àìsàn ni bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn, ó sì ní ìtọ́jú, kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ ẹ̀.

Abísínwín tí Màmá ń sọ yàtọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn téèyàn ò gbọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, tó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ di ọ̀la, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni. Bákan náà tó bá ní òun fẹ́ ṣe ara òun tàbí ọmọ léṣe, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ rárá. Ẹ gbàdúrà o, àmọ́ ẹ máa gbà á lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ má sì dúró de abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo máa ń rí i ní kíríníìkì, wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, ìyá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ṣó o sùn lánàá. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Nílé, tó bá ti fún ọmọ lọ́mú tán lóru, ẹ̀yin ẹ gbà á, ẹ jẹ́ kó gùnfẹ̀, ẹ pààrọ̀ nápíkìn, kí ìyá ẹ̀ lè sùn fún wákàtí mélòó kan. Kí Màmá sì rọra pẹ̀lú omi gbígbóná tí wọ́n ní kó jókòó lé, ó ti bó ojú ibi tí wọ́n rán fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń kún páàdì kan láàárín wákàtí kan, tí ara ẹ̀ bá ń gbóná, tàbí tí orí ń fọ́ ọ tójú ẹ̀ ń ṣú, ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ ń sùn? Ìsoríkọ́ yìí máa ń mú bàbá náà o. Lọ́la àárọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì wọlé tọ dókítà pẹ̀lú ẹ̀, ẹ má dúró síta.