Díákónì ni mí, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ Ògún: báwo la ṣe fẹ́ jọ sọ̀rọ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ma. Ọmọ Ìrè-Èkìtì ni mí, díákónì sì ni mí nínú ìjọ wa. Láti ìgbà tí Bàbá wa ti kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló di olórí ẹbí, òun ló sì ń bójú tó Ògún ilé wa. Lọ́dọọdún ló máa ń ní kí gbogbo ọmọ dá owó ọdún Ògún. Ní ọdún 3 sẹ́yìn, mo kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí pé n kò ní dá owó òrìṣà mọ́, mo sì fi ẹsẹ Bíbélì kan tì í. Kò fèsì. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá kí i, orí ló máa ń mì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè wá jókòó, ìjà ló ń dà. Màmá wa ti pé ọdún 81, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i kí àwa méjèèjì jọ jẹun. Mo ń gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá lọ rẹ ara mi sílẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi, yóò dà bí ẹni pé mo sẹ́ Jésù. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n mú pásítọ̀ wa dání?

ÌDÁHÙN

Díákónì, ẹ kú àfaradà. Ọdún 3 kì í ṣe ọjọ́ 3, kí ọmọ ìyá ẹni máa mi orí síni bí àjèjì.

Iṣẹ́ ìlàjà láàárín ẹbí ni mo ń ṣe ní Adó-Èkìtì, Mùsùlùmí sì ni mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí mo dúró sí bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi náà kì í bọ òrìṣà, n kò sì ní sọ fún yín pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ọ́ nítorí àlàáfíà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìbẹ̀rù yín, torí òun ló di yín lẹ́sẹ̀. Ohun méjì lẹ gbé dání lọ sí ìpàdé méjì tó dìjà yẹn: ohun tí ẹ gbà gbọ́ nípa Ọlọ́run, àti ohun tí ẹ gbà pé ẹ mọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ di ti àkọ́kọ́ mú ṣinṣin, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Ti ìkejì ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé. Ẹ mọ Ẹni tí ẹ ń sìn. Ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ìdí tí ẹ̀gbọ́n yín kò fi fèsì lọ́jọ́ náà, nítorí ẹ kò tíì bi í. Ìrẹ̀lẹ̀ tí mo ń sọ kò ju ìyẹn lọ: kí ènìyàn gbà pé òun kò rí inú ẹnìkejì òun.

Ọmọ Ìrè ni yín, ẹ mọ ìtàn yìí jù mí lọ. Ògún ti ojú ogun dé, ó bá àwọn ará Ìrè níbi àjọ kan tí èèwọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó gbé agbè ẹmu, ó bá a lófìfo. Ló bá gbà pé wọ́n fojú di òun, ó fa idà yọ, ó bẹ́ wọn lórí. Ìgbà tó yá ló tó mọ̀ pé èèwọ̀ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àbámọ̀ yẹn ló mú un wọlẹ̀ ní Ìrè. Ìtàn ìlú yín ni, ó sì jẹ́ ìtàn tí ẹ̀gbọ́n yín kò lè gbàgbé láéláé. Bí ọkàn yín bá gbà á lóòótọ́, ẹ lè sọ fún un pé ẹ ti ka ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ bí Ògún ṣe ka ti àwọn ará Ìrè. Bí kò bá dénú yín, ẹ má sọ ọ́, torí yóò mọ̀.

Ohun tí èmi rò pé ó ṣẹlẹ̀ nìyí, àmọ́ ẹ rántí pé èrò lásán ni títí tí ẹ óò fi gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin kọ “n kò ní dá owó òrìṣà mọ́.” Ó ṣeé ṣe kí òun kà á sí “n kì í ṣe ọmọ Bàbá mọ́.” Ẹ sì kọ ọ́ síbi tí àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé àti àwọn àbúrò yín tó wà lókè òkun ti jọ kà á. Nílẹ̀ wa, ta ló ń bá olórí ẹbí wí ní gbangba? Ẹsẹ Bíbélì tí ẹ fi tì í ló wá kọ́ ògiri sí i: bí ó bá fèsì, Bíbélì ló ń bá jà, bí ó bá dákẹ́, ó gbà pé ẹlẹ́ṣẹ̀ lòun níwájú àwọn ọmọ òun. Ó dákẹ́. Nínú iṣẹ́ mi, owó tí ẹbí ń torí rẹ̀ jà kì í sábà jẹ́ ibi tó ń dun wọ́n.

Ẹ ní ẹ ń gbàdúrà. Ẹ má dẹ́kun, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tí ẹ ń bèèrè. Bí ó bá jẹ́ “Olúwa, yí ẹ̀gbọ́n mi lọ́kàn padà” nìkan ni, ẹ fi “Olúwa, fi ohun tí n kò rí hàn mí” kún un. Èyí ṣòro ju bí ó ti dún lọ, torí Ọlọ́run lè dáhùn rẹ̀. Tí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ má gbàdúrà sókè. Èmi fúnra mi ti ṣe àṣìṣe yìí rí. Mo jókòó láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, àbúrò ní òun fẹ́ fi àdúrà ṣíde, mo gbà fún un. Kò pẹ́ tí àdúrà fi di ìwàásù: “Bàbá, là wọ́n lójú kúrò nínú òkùnkùn.” Kí a tó ṣe Àmín, ẹ̀gbọ́n ti dìde, ó ti jáde. Láti ìgbà náà, kí kálukú gbàdúrà sínú ara rẹ̀ kó tó kúrò nílé ni mo máa ń sọ.

Jákọ́bù inú Bíbélì yín ní kí ènìyàn máa yára gbọ́, kó lọ́ra láti fọhùn, kó lọ́ra láti bínú. Ẹ wo bó ti tò ó: gbígbọ́ ló ṣáájú. Nínú Kùránì tiwa, nínú Súrà Tá Há, Ọlọ́run rán Ànábì Mùsá àti Ànábì Hárúnà sí Fáráò tó ti tayọ ààlà, Ó sì pa á láṣẹ fún wọn pé ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni kí wọ́n bá a sọ. Fáráò ni o! Ẹ̀gbọ́n yín, ọmọ ìyá yín, kò ṣe tó Fáráò.

Ó kù kí ẹ lọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ sí ilé rẹ̀, ẹ má ní kí wọ́n tún pe ìpàdé, torí níbi ìpàdé gbogbo ènìyàn ń wo ẹni tí yóò borí. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ bá yín sọ fún un pé ẹ ń bọ̀, kó má dà bí ìkọlù. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ dọ̀bálẹ̀ kí i dáadáa. Ìkíni ni ìdọ̀bálẹ̀, kì í ṣe ìjọsìn, ẹ sì ti ń dọ̀bálẹ̀ fún un kí ẹ tó di díákónì. Ẹ gbé iṣu lọ, iṣu tó dára tó ṣeé gún. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí a fi rúbọ wà lọ́kàn yín, Pọ́ọ̀lù sì kọ ọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí wọ́n má jẹ ẹ́ bí ẹnìkan bá ti sọ fún wọn pé ti òrìṣà ni. Bí ó bá jẹ́ iṣu tí ẹ gbé wá ni wọ́n gún, ẹ̀rí ọkàn yín yóò balẹ̀ jẹ iyán náà, òun náà kò sì ní rò pé ẹ ń sá fún oúnjẹ òun.

Nǹkan kékeré kan wà tí mo kà sí pàtàkì: ẹ̀ka-èdè Ìrè ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀. Yorùbá orí pẹpẹ ti ń gbé ìwàásù rù kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ ní “ẹ” àpọ́nlé bíi ti Ọ̀yọ́. Inú ohùn àti ìṣe ni ọ̀wọ̀ wa wà. Bí ẹ bá sọ ọ́ bí ẹ ti ń sọ ọ́ nígbà tí ẹ jọ ń lọ sóko, etí tó fi ń gbọ́ yín nígbà náà ló máa fi gbọ́.

Ìbéèrè kan péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: kí ni ó gbọ́ lọ́jọ́ tó ka ohun tí ẹ kọ? Kí ẹ wá dákẹ́. Bí ó bá parí, ẹ tún ohun tó sọ sọ fún un, láìfi “ṣùgbọ́n” kankan sí i, kí ẹ bi í bóyá bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Bí ó bá ní ó kù díẹ̀, ẹ tún un sọ títí yóò fi ní “bẹ́ẹ̀ ni.” Ẹ má sọ tiyín kí ẹ tó gbọ́ “bẹ́ẹ̀ ni” yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ohun tí Bàbá sọ fún un nígbà tí wọ́n fi Ògún ilé lé e lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí ẹni tó bi í rí. Ó lè jẹ́ ẹrù ni ẹ kà sí agídí. Bí inú bá ń gbóná, ẹ tọrọ omi mu. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti kan ìhalẹ̀ tàbí ohun ìjà, ẹ dìde kí ẹ máa lọ sílé, ìyẹn ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ àgbọ́yé.

Nígbà tó bá kàn yín, ẹ tọrọ àforíjì fún ibi tí ẹ ti sọ ọ́ àti bí ẹ ṣe sọ ọ́. Ìgbàgbọ́ yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ má tọrọ àforíjì fún un. Ẹ lè sọ báyìí: “Mo ṣẹ̀ yín nípa pé mo kọ ọ́ síbi tí gbogbo ọmọ ti kà á. N kò lè dá owó ọdún Ògún, ẹ̀rí ọkàn mi kò gbà á. Àmọ́ ọmọ Bàbá ni mí. Kí ni mo lè gbé nínú ẹrù ilé yìí?” Bí ó bá ní òrùlé ilé Bàbá ń jò, ẹ ra páànù, kí ẹ mú káfíńtà wá. Bí ó bá jẹ́ oògùn Màmá, ẹ gba ríra rẹ̀ sọ́rùn. Ẹ ṣe nǹkan náà fúnra yín dípò kí ẹ kó owó lélẹ̀, kí ìyàn “ṣé wọ́n fi owó mi ra ajá?” má baà tún bẹ̀rẹ̀.

Kò dájú pé ọjọ́ kan yóò tó o. Ẹ rántí ogun Kírìjì tí Èkìtì Parapọ̀ bá Ìbàdàn jà láti 1877. Àlùfáà Áńgílíkà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibùdó kan lọ sí èkejì títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní oṣù Kẹsàn-án 1886. Síbẹ̀, ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Ìwé ti wà, ìfọkàntán ni kò tíì sí. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n yín bá kàn gbọ́, tó sì tún mi orí, ẹ padà lọ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni nínú WhatsApp ẹbí pé ẹ lọ.

Ẹ bi mí nípa pásítọ̀ yín. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń lọ, kí wọ́n fi àdúrà tì yín lẹ́yìn nílé, ṣùgbọ́n ẹ má mú wọn dání. Bí ẹ bá mú pásítọ̀ wọlé, ẹ̀gbọ́n yín náà yóò wá ẹni tí yóò dúró fún Ògún, ìjọ méjì ni yóò sì dojú kọ ara wọn nínú pálọ̀ Bàbá yín. Ẹ lọ ní ẹ̀yin nìkan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí iyán bá ti ṣeé jẹ lọ́jọ́ yẹn, ẹ mú Màmá dání lọ́jọ́ kejì.