Igi Líle Kì Í Lé Omi: Ìdáhùn Lórí Pákó Ilẹ̀ Fún Ilé Ìṣaralóge

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ń tún ilé ìṣaralóge mi ṣe, mo sì fẹ́ tẹ́ pákó sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí básíà tí a ti ń fọ irun. Ẹni tó fẹ́ ta pákó fún mi sọ pé bí mo bá ti ra igi tó le jù lọ, tí wọ́n sì kun ún ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mẹrin, omi àti dáì irun kò ní lè ṣe é ní nǹkan kan. Igi wo ló le jù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí n tó sanwó.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ajé. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, nítorí pé ẹ̀yìn ìgbà tí pákó bá ti wú tán ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí máa ń wá mi kàn. Igi tó le jù lọ ni ẹ ń wá, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọ̀rọ̀ tí olùtajà yẹn bá yín sọ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí gidigidi pé àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ̀ nípa pákó gan-an ni wọ́n ń tan irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kálẹ̀, tí ẹni tó fi owó òwò rẹ̀ rà á sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí líle igi jẹ́ ná. Ìdánwò tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni a ń pè ní Janka: a ó mú ọta irin róbótó kan tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 11.28, a ó fi ẹ̀rọ tì í sínú pákó títí ìdajì rẹ̀ yóò fi wọlé, a ó sì ka iye agbára tí ó gbà wá kí ó tó wọlé. Kò sí ẹ̀kán omi kan nínú ìdánwò náà, kò sí dáì, kò sì sí rìlásà. Ohun tí nọ́ńbà Janka lè sọ fún yín ni bí pákó yóò ṣe fara da ìdí àga tó wúwo tàbí gìgísẹ̀ bàtà oníbàárà láìtẹ̀ wọnú. Ìyẹn wúlò ní ilé ìṣaralóge, n kò sọ pé kò wúlò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé nọ́ńbà yẹn ni yóò gba ilẹ̀ yín lọ́wọ́ omi, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń wo bí apá ọmọ ṣe lágbára tó láti fi mọ bí yóò ṣe mọ̀wé tó.

Igi kì í ṣe òkúta. Fọ́nrán tín-ín-rín ló para pọ̀ di í, ara àwọn fọ́nrán wọ̀nyí sì máa ń fa ọ̀rinrin nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù, wọ́n á tún máa tú u sílẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ní ìbú ni pákó ti ń wú, ní ìbú náà ni ó ti ń sún kì. Ní gígùn, ìyípadà rẹ̀ kò tó nǹkan. Igi líle ń ṣe bẹ́ẹ̀, igi rírọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kódà, nínú ọ̀pọ̀ igi, èyí tó wúwo tó sì le ni ó ń wú jù, agbára tí ó sì fi ń ti ògiri tàbí pákó ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti igi tó fúyẹ́ lọ. Ẹ wo maple, igi tí a fi ń ṣe ilẹ̀ gbọ̀ngán bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n: nọ́ńbà Janka rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1,450, ti ìrókò jẹ́ nǹkan bí 1,260, ti tíìkì sì lé díẹ̀ ní 1,000. Síbẹ̀, bí a bá mú maple tútù, tí a gbẹ ẹ́ títí tí kò fi sí omi kankan nínú rẹ̀ mọ́, ìbú rẹ̀ yóò dín ní nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìhà tó ti ń sún kì jù. Ti tíìkì kò ju nǹkan bí ìdá 6 lọ, ti ìrókò sì tún kéré sí i. Èyí tó le jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọ̀rinrin ń dà láàmú jù, bí ẹ bá sì tẹ̀ lé ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà yín, òun gan-an ni ẹ ó gbé lọ sí ìdí básíà.

Fáníìṣì ńkọ́? Fáníìṣì dára, ó sì pọn dandan, ṣùgbọ́n ojú pákó nìkan ni ó ń bò. Ìdí pákó kì í sábà ní in, etí tí pákó kan fi ń wọ inú èkejì kì í sábà ní in, ibẹ̀ gan-an ni omi sì ń gbà wọlé. Ẹ lè kun fáníìṣì borí ojú ìsopọ̀ pákó méjì lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ lè kun ún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá pàápàá. Ọjọ́ tí pákó bá sún kì díẹ̀, awọ fáníìṣì tó wà níbẹ̀ yóò là. Ojú lè má rí ibi tó ti là, ṣùgbọ́n omi yóò rí i.

Mo rántí ilé ìṣaralóge kan tí wọ́n pè mí sí nítorí pé ilẹ̀ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Igi líle gidi ni wọ́n lò, fáníìṣì orí rẹ̀ sì ń dán débi pé mo ń rí iná àjà nínú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn básíà, mo fi àtàǹpàkò tẹ etí pákó kan, ó sì rì bíi búrẹ́dì tí a rẹ sínú omi. Nígbà tí mo yọ ọ́, ìdí rẹ̀ dúdú, ó ń rùn bí aṣọ tí a ká pa mọ́ láìgbẹ, irun kéékèèké sì ti kún ihò ìsopọ̀ rẹ̀, wọ́n wé mọ́ra bí òwú. Rọ́bà tó ń gbé omi wá sí básíà ló ń kán díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Obìnrin tó ni ilé náà bú sẹ́kún, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n sọ fún yín yìí ni wọ́n sọ fún òun náà.

Ti dáì yàtọ̀ sí ti omi. Dáì tó ń pẹ́ lára irun kì í ṣe àwọ̀ tí a kàn kùn ún lójú. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ó mọ́ hydrogen peroxide, àwọn èròjà rẹ̀ ṣì kéré jọjọ. Wọ́n á wọ inú irun, wọ́n á so pọ̀ mọ́ ara wọn níbẹ̀, wọ́n á sì tóbi débi pé wọn kò ní lè jáde mọ́. Ohun tí ó ń ṣe nínú irun náà ni ó lè ṣe nínú pákó, àti nínú fáníìṣì tí kò dára tó. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kán dáì tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ nígbà tó já bọ́ fi ń ṣókùnkùn sí i bí ó ti ń pẹ́ nílẹ̀, tí fífọ̀ kò sì ní ràn án mọ́. Ẹni tó bá nù ún lójú ẹsẹ̀ ló bọ́. Rìlásà ní tirẹ̀ máa ń jẹ fáníìṣì, ó sì máa ń sọ igi bí oak di dúdú nítorí oje tó wà nínú igi náà. Asítóònù tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ lè yọ́ fáníìṣì mìíràn lójú ẹsẹ̀. Kódà ìkótí onírin kan ṣoṣo tó bá sùn mọ́jú lórí oak tó tutù lè fi àmì dúdú bíi tàdáwà sílẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe tẹ́ pákó sí ìdí básíà, kí ẹ má sì tẹ́ ẹ sí ibi tí ẹ ti ń po dáì. Táìlì ni kí ẹ lò níbẹ̀, èyí tí kì í yọ̀ bí omi bá kàn án, kí ó sì jáde tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tàbí mẹ́rin yí básíà ká. Bí ó bá jẹ́ pé ìrísí igi ni ẹ kò lè fi sílẹ̀, táìlì tí a tẹ àwòrán igi sí lójú wà. Kí ojú táìlì àti ojú pákó dọ́gba níbi tí wọ́n ti pàdé, kí ẹnikẹ́ni má baà fẹsẹ̀ kọ.

Ní ibi tí àwọn oníbàárà ń jókòó dúró sí, àti ní ibi tí ẹ ti ń gẹ irun tí ẹ sì ń dì í, ẹ lè lo pákó. Ṣùgbọ́n dípò pákó tó jẹ́ igi kan látòkè délẹ̀, pákó oníìpele ni mo máa ń yàn, èyí tí àwọn olùtajà ń pè ní engineered wood. Igi gidi ni ojú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọn ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti púláíwúùdù, tí a tò ní ìdábùú ara wọn, tí ọ̀kan kò sì ní jẹ́ kí èkejì wú bó ṣe fẹ́. Kí ìpele igi gidi tó wà lókè má dín ní mìlímítà 3 sí 4, kí ẹ baà lè họ ọ́ kí ẹ sì tún un kùn lọ́jọ́ iwájú. Ẹ yan èyí tí ilé iṣẹ́ ti kùn láti ọ̀hún wá, tí kò dán yanran, nítorí pé ilẹ̀ tó ń dán máa ń fi gbogbo ibi tí nǹkan ti ha á hàn. Ẹ tún wo etí rẹ̀ dáadáa: pákó tí wọ́n gé etí rẹ̀ ní dídà, tí kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ fi wà láàárín pákó àti pákó, dára nínú yàrá ìgbàlejò, ṣùgbọ́n nínú ilé ìṣaralóge irun àti omi ni yóò máa kó sínú kòtò yẹn lójoojúmọ́.

Ẹ ní kí wọ́n fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọnkéré. Àwọn kan yóò sọ pé kí a kàn tẹ́ ẹ sílẹ̀ láìlẹ̀ ẹ́, kí ó máa sún bó ṣe wù ú. Àga ìgẹrun wúwo, àwọn mìíràn sì ní bóòtù tó ń kàn wọ́n mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá kan irú àga bẹ́ẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tó yẹ kó máa sún, ilẹ̀ náà kò ní lè sún mọ́ níbẹ̀, ibòmíràn ni yóò sì ti ya. Bóyá wọ́n lẹ̀ ẹ́ o, bóyá wọn kò lẹ̀ ẹ́, kí àyè bíi mìlímítà 10 sí 12 wà láàárín pákó àti ògiri yí ká, àyàfi bí ilé iṣẹ́ tó ṣe pákó bá sọ iye mìíràn. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé, torí pé bí ẹ bá yà kúrò nínú ìlànà wọn, wọ́n lè kọ̀ láti dúró lẹ́yìn ọjà wọn. Kí táyà àwọn àga kéékèèké àti ti kẹ̀kẹ́ irinṣẹ́ yín jẹ́ èyí tó rọ̀.

Kọnkéré tí kò tíì gbẹ máa ń ba pákó jẹ́ láti ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tó mọ́lẹ̀ gaara sórí rẹ̀, kí ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 16 ó kéré tán. Bí ẹ bá rí ìrì lábẹ́ rẹ̀, tàbí tí ojú kọnkéré ṣókùnkùn, kò tíì yá. Bí ẹ kò bá sì rí nǹkan kan, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n lè tún gbé laminate tàbí vinyl wá bá yín. Lẹ́búlẹ́bú igi tí a fi gúlù tẹ̀ pọ̀ ni àárín laminate, àwòrán igi lásán ló wà lójú rẹ̀. Bí omi bá wọ etí rẹ̀ tó sì wú, kì í padà sí bó ṣe wà. Vinyl kì í ṣe igi rárá, ike ni. Omi kò ní bá a jà, ṣùgbọ́n asítóònù yóò bá a jà.

N kò rí ilé yín, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tí n kò rí. Ní àwọn ibòmíràn, àwọn aláṣẹ ìlera máa ń sọ irú ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ní ibi ìfọrun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ tiyín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ onílé pẹ̀lú bí ẹ bá yá ilé náà ni.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ gba pákó kéékèèké méjì lọ́wọ́ olùtajà náà, èyí tó ṣeé so pọ̀. Ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ kán dáì tí ẹ ń lò sí apá kan, rìlásà sí apá kejì, asítóònù sí apá kẹta, kí ẹ sì tẹ́ aṣọ tútù lé ojú ìsopọ̀ wọn di ọjọ́ kejì. Ẹ nù wọ́n ní àárọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ pa ojú ìsopọ̀ náà wò bóyá ó ti gbérí. Bí olùtajà bá kọ̀ láti fún yín ní pákó àyẹ̀wò, ẹ lọ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn.