Ibo ni wọ́n ti ń gé ọ̀rọ̀ gígùn èdè Nọ́wè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Oslo ni mo ń gbé, mo ń kọ́ èdè Nọ́wè kí n lè ríṣẹ́ nílé ìwòsàn. Ìlà tán mọ́ mi lọ́wọ́, mo gé "huseier" sí "hu-seier", ni olùkọ́ wa bá fa ìlà pupa sí i. Tí mo bá tún pe "sykepleier" (nọ́ọ̀sì), wọ́n á ní kí n tún un pè. Kí ni mo ń ṣe tí ò dáa?

Ìdáhùn: Oríkèé ọ̀rọ̀, ìyẹn ibi tí ọ̀rọ̀ méjì ti so pọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ máa wá. "Hus" ni ilé, "eier" ni ẹni tó ni nǹkan; onílé ni "huseier". Tí ọ̀rọ̀ bá dá wà, kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo tó wà láàárín fáwẹ̀lì méjì á bọ́ sí ìlà kejì: ko-ne, ìyàwó. Òfin yẹn lẹ tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n oríkèé ni wọ́n ti ń gé ọ̀rọ̀ àkànpọ̀: hus-eier. "Seier" tí ẹ wá kọ sí ìlà kejì, ìṣẹ́gun ló ń jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ yín ti rẹ́rìn-ín kó tó fa ìlà.

"S" tàbí "e" tí wọ́n fi so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ti ọ̀rọ̀ iwájú ni: arbeids-plass (ibi iṣẹ́), barne-hage (jẹ́lé-ó-sinmi). Nínú "busstopp" (ibùdókọ̀), "s" mẹ́ta ló yẹ kó wà, wọ́n yọ ọ̀kan. Tí ẹ bá gé e, èyí tí wọ́n yọ á padà wá: buss-stopp.

Oríkèé yìí kan ìpè náà. Ẹ wo "lyskilde", orísun ìmọ́lẹ̀. Bí "sk" bá ṣáájú "i", ó máa ń dún bí "ṣ" wa. Ẹni tí kò rí oríkèé á pè é ní "ly-ṣilde". Lys-kilde ni o; "s" dá dúró, "k" náà ní dídún tirẹ̀.

Ní ti "sykepleier", ọ̀rọ̀ iwájú ni kí ẹ tẹnu mọ́: SYkepleier, BARnehage. Ẹ fa sílébù yẹn dáadáa, kí ẹ wá pe ìyókù ní fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, àmọ́ kí ọ̀rọ̀ kejì ṣì hàn díẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń nira fún àwa Yorùbá. Ìwọ̀n kan náà la máa ń fún gbogbo sílébù, ohùn la fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí ẹ bá pe sy-ke-plei-er bẹ́ẹ̀, etí wọn ò ní mọ ibi tí yóò dì mú. Wọ́n máa ń lo ohùn náà o: ohùn nìkan ló ya "bønder" (àwọn àgbẹ̀) sọ́tọ̀ kúrò lára "bønner" (ẹ̀wà) lágbègbè Oslo, ìyẹn ò sì ní le fún yín.

Ọ̀rọ̀ iwájú ni mo wí, n ò sọ pé sílébù iwájú. "Hotell" ń wúwo lẹ́yìn, nítorí náà hoTELLrom ni yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ẹ máa nílò jù tí ẹ bá ń wáṣẹ́: universiTETSsykehus, ilé ìwòsàn yunifásítì. Orúkọ ìlú nìkan ni kí ẹ máa fetí sí lọ́tọ̀, torí KristianSAND ni wọ́n ń pè é.